Irínwó Mítà Ó Lé Mẹ́wàá

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìbínú Yẹ̀kínì, kó sọ fún un pé ẹ̀rọ kì í parọ́. Gbólóhùn kékeré yẹn ti ba ayé rẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lórí agbami òkun, ní ọdún 1984. Lọ́dún yìí, ní Peckham ní London, wọ́n tún fẹ́ fi ba ti ìyàwó rẹ̀ jẹ́.

Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ ní Rye Lane lónìí kò lè mọ irú ẹni tó jẹ́. Arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún ni, ó rí tín-ín-rín, ó dé fìlà funfun, ó sì máa ń wo iṣu orí àtẹ bíi pé iṣu náà ṣẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ọmọ etí ọ̀sà. Kò tíì pé ogún ọdún tó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ojú omi. Nígbà tó máa fi di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òun ni ẹni tí wíwá ọ̀nà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tó ń ná Àpápá sí Rotterdam. Máàpù òkun, rúlà, pẹ́ńsù àti kọ́ńpáàsì, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Láyé ìgbà yẹn, satẹ́láìtì tó ń sọ ibi téèyàn wà kò tíì di ohun inú àpò gbogbo ayé. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe é, nítorí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi wọn tó gbé bọ́ǹbù olóró, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n dúró sí kí wọ́n tó yìn ín lu ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ajé. Iṣẹ́ ìpànìyàn ni wọ́n ṣe é fún, Yẹ̀kínì kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbàgbé ìyẹn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn nǹkan náà dé ibi pé tíì rẹ á tutù bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe rẹ̀.

Ara rẹ̀ kò tóbi ju àgbá omi lọ, á ní, kò sì wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan àti díẹ̀. Ó ní apá mẹ́rin gbọọrọ tó fi ń gba agbára oòrùn. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ọgbọ̀n mítà yọ lára rẹ̀, wọ́n sì so ìwọ̀n kékeré kan mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀pá yẹn ni Yẹ̀kínì fẹ́ràn jù. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń mú satẹ́láìtì náà dúró lójú kan. Nítorí ọ̀pá yẹn, ayé ń fa apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ju apá òkè lọ, kò sì lè yí ojú kúrò lọ́dọ̀ wa bó ti wù kó yípo tó. Bó bá ń bọ̀, ohùn tó ń ké á ga. Bó bá kọjá tán, ohùn náà á lọ sílẹ̀, bí ìgbà tí áńbúláǹsì bá ń kọjá lọ ní Queens Road. Bí ohùn yẹn ṣe ń ga tó sì ń lọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ inú ọkọ̀ fi ń ṣírò ibi tí ọkọ̀ wà.

Ibẹ̀ ni Yẹ̀kínì á ti gbé ìka kan sókè. Satẹ́láìtì yẹn kò mọ bí ọkọ̀ rẹ ṣe ń sáré tó. Ìwọ lo máa tẹ̀ ẹ́ wọlé fún ẹ̀rọ. Bó o bá tẹ irọ́, irọ́ rẹ ló máa fi dá ọ lóhùn, á sì fi nọ́ńbà tó mọ́ gaara kọ ọ́ síwájú rẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1984 nìyẹn gan-an. Ọ̀gá ọkọ̀ wọn jẹ́ òyìnbó kan tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ tuntun náà. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ eré máìlì òkun mẹ́rìnlá ní wákàtí kan wọlé, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣàárẹ̀ láti àárọ̀ tí ọkọ̀ kò sì sá ju mẹ́wàá lọ. Ẹ̀rọ ní ibi tí omi ti jìn ni wọ́n wà. Yẹ̀kínì wo òkè kan létí ilẹ̀ Senegal, ó fi kọ́ńpáàsì wọ̀n ọ́n, ó ní, "Ọ̀gá, a ti sún mọ́ ilẹ̀ jù." Ọ̀gá kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Kò tó wákàtí kan tí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ fi ha iyanrìn, tí àwo nínú kíṣìnnì sì fọ́ yángá.

Ta ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé? Yẹ̀kínì ni. Wọ́n ní ẹni tí wíwá ọ̀nà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣàṣìṣe. Láti ọjọ́ náà, kò sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó tún fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó kó wá sí London, ó wa kábù títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, ó sì fi ọdún mẹ́sàn-án ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ní Surrey Quays, lórí ilẹ̀ tí ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ rí. Ẹni tó lè tọ́ ọkọ̀ láti Àpápá dé Rotterdam láìrí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, òun ló ń fọwọ́ júwe ibi tí mọ́tò máa dúró fún àwọn tó wá ra tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ò rí i pé nǹkan burú.

Bẹ́ẹ̀ ni ayé rẹ̀ ṣe rí kó tó di ọ̀rọ̀ Hàlímọ̀tù.

Hàlímọ̀tù ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kẹ́rà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó lọ sílé àwọn arúgbó, kó wẹ̀ wọ́n, kó fún wọn lóńjẹ, kó sì rí i pé wọ́n lo oògùn wọn. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń lọ sọ́dọ̀ Màmá Àpèkẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láti Monday títí dé Saturday. Màmá jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ó sì ń dá gbé ní àjà kẹrin ilé gíga kan nítòsí Peckham Rye. Lọ́jọ́ Sunday, àwọn ará ìjọ rẹ̀ ló ń wá gbé e lọ sí ìsìn. Mùsùlùmí ni Hàlímọ̀tù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń lọ sùtánà Màmá tó o.

Ọpọlọ Màmá ti ń gbàgbé nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì tó fi àádọ́ta ọdún sọ ní London ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Yorùbá tó gbé láti ilé ló kù sí i lẹ́nu. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ọ́fíìsì bá rán ẹnì kan wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Kò sí ẹni tó bi í ní Yorùbá rí.

Oṣù tó kọjá ni ilé iṣẹ́ tó gba Hàlímọ̀tù gbé ohun tuntun dé. Tẹ́lẹ̀, ìwé ni wọ́n ń fọwọ́ sí nílé arúgbó. Ní báyìí, áàpù kan ni wọ́n fi sínú fóònù. Bó o bá dé, tẹ̀ ẹ́. Bó o bá ń lọ, tún un tẹ̀. Satẹ́láìtì á sọ ibi tí fóònù rẹ wà, ẹ̀rọ ọ́fíìsì á fi wé ibi tó yẹ kó o wà. Bí méjèèjì bá bára mu, wọ́n á fi àwọ̀ ewé sí i. Bí wọn kò bá bára mu, pupa.

Lọ́jọ́ Saturday kan, lẹ́yìn tí Hàlímọ̀tù ti ṣe tán tó ti lọ, Màmá yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì ìpè ìrànlọ́wọ́ tó so mọ́ ọrùn, àwọn áńbúláǹsì dé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò ṣẹ́ níbì kankan. Sunday, àwọn ará ìjọ wá wò ó, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fún un lóńjẹ. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé arúgbó ṣubú, ọ́fíìsì ní láti rí ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi, wọ́n bá ṣí àkọsílẹ̀ áàpù.

Gbogbo rẹ̀ ló pupa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ìgbà mẹ́rìndínlógójì tí Hàlímọ̀tù lọ, pupa fòò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kọ ọ́ pé kẹ́rà yìí wà ní irínwó mítà ó lé mẹ́wàá sí ilé arúgbó: ìgbà mìíràn mítà méjì á lé, ìgbà mìíràn mítà méjì á dín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Bí ẹ bá gbà pé obìnrin kan kò dé ibi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí arúgbó sì wà nínú ilé láìjẹ láìmu, kí lẹ dúró dè? Kò sí ẹni tó pè é. Ìgbà tí wọ́n nílò ọ̀daràn ni ojú wọn tó là.

Ní àárọ̀ Monday, lẹ́tà dé sórí fóònù rẹ̀. Kó má lọ síbi iṣẹ́. Kó má dé sàkání ilé Màmá. Kó wá sí ọ́fíìsì ní Brockley ní ọ̀sán Wednesday. Bó bá jẹ́ òótọ́ pé ó pa arúgbó aláìlera tì, wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí kò gbọdọ̀ tọ́jú ènìyàn mọ́ títí ayé.

Hàlímọ̀tù jókòó sórí àga ìjẹun pẹ̀lú káàdì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ó ti wọ bàtà tán.

"Bàbá Waris," ó ní, "wọ́n ní mi ò lọ. Èmi! Wọ́n ní mi ò dé'bẹ̀ rárá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní system ló sọ ọ́."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí alángbá, á sá. Yẹ̀kínì kò sá ní tirẹ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ogójì ọdún ni ìbínú yẹn ti wà nínú rẹ̀ tó ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó hó.

Ó pe ọ́fíìsì. Wọ́n ní Aunty Hàlímọ̀tù nìkan ni àwọn lè bá sọ̀rọ̀. Ó fún Aunty ní fóònù, ó dúró tì í, ó ń sọ ohun tó máa sọ fún un létí: kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá, kò gbọdọ̀ ku ìlà kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ ní ọ̀sán Tuesday. Yẹ̀kínì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní láíbrárì, ó ra máàpù àdúgbò, ó kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, ó sì lọ fa rúlà àtijọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ pupa tí gbogbo ọ́fíìsì ń wò, nọ́ńbà gígùn méjì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń sọ bí fóònù ṣe jìn sí àríwá tó, èkejì ń sọ bó ṣe jìn sí ìwọ̀ oòrùn Greenwich tó. Ohun tí satẹ́láìtì sọ gan-an nìyẹn. Pupa jẹ́ ohun tí ènìyàn fi kún un. Yẹ̀kínì fi pẹ́ńsù sàmì sí ìkíní, ó sàmì sí ìkejì. Ó ń mí tagbáratagbára bí ẹni tó ń gun òkè. Nígbà tó sàmì sí ìkẹwàá, tó sì rí i pé nọ́ńbà àwọn tó kù kò yàtọ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Waris, wá. Kí ló wà níbi tí mo fọwọ́ sí yìí?"

Hàlímọ̀tù tẹ̀ síwájú. "Ilé Màmá ni."

"Ìgbà mẹ́rìndínlógójì!" Ó lu tábìlì, ìkòkò ata mì. "Bí èèyàn bá ń sá níbi iṣẹ́ kiri, lónìí á wà ní Rye Lane, lọ́la á wà ní Surrey Quays. Ojú kan ni gbogbo èyí wà! Machine sọ pé o wà ńbẹ̀. Machine ti ń jẹ́rìí ẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ni wọn ò mọ̀ ọ́n kà!"

Hàlímọ̀tù kò fò sókè. Ó ń wo àmì pẹ́ńsù náà. "Ta ló wá ń fún un lóńjẹ báyìí?" ó béèrè.

"Wọ́n á ti rán ẹlòmíì. Fìyẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ orúkọ ẹ là ń sọ."

Ọkọ rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì.

Ní ọ̀sán Wednesday, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì P12 lọ sí Brockley. Yẹ̀kínì wọ kóòtù, ó ká máàpù rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá. Mánéjà tó gbà wọ́n lálejò ń jẹ́ Dámisọ́lá, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún márùndínlógójì, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, tí ohùn òyìnbó wà nínú Yorùbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn. Ìyẹn tún bí Yẹ̀kínì nínú sí i: ẹ kúnlẹ̀ kí àgbà, ẹ sì ń pè é ní ọ̀lẹ àti òpùrọ́ nínú lẹ́tà.

"Uncle, actually, Aunty nìkan ló yẹ kó wọlé, but it's fine, ẹ jókòó." Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. "Aunty, I know ẹ ti bá wa ṣiṣẹ́ tipẹ́. But thirty-six visits, ẹ ò sí níbẹ̀. Four hundred and ten metres away. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Machine ò kí ń parọ́."

Hàlímọ̀tù di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì, nítorí ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Yẹ̀kínì kò pariwo. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ," ó ní. "Lónìí, machine ò parọ́. Ẹ̀yin lẹ parọ́."

"Excuse me, Uncle?"

"Number méjì yìí, kí ni wọ́n?"

"It's the GPS, sir. Location."

"Mo mọ̀. Ibo ni location ọ̀hún?"

Dámisọ́lá wo nọ́ńbà náà, ó wo Uncle, ó tún wo nọ́ńbà náà. Kò mọ̀. Kò sí ẹnì kan ní ọ́fíìsì yẹn tó mọ̀. Wọ́n fẹ́ pa orúkọ obìnrin kan rẹ́ títí láé nítorí nọ́ńbà tí wọn kò kà!

"Mo fi satellite wá ọ̀nà lórí òkun kí wọ́n tó bí ẹ," Yẹ̀kínì ní, ohùn rẹ̀ sì ti ń ga. "Satellite ò mọ ilé Màmá. Kò mọ Màmá. Ohun kan ló mọ̀: ibi tí phone wà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún system pé ibí ni ilé Màmá wà. Tó bá jẹ́ wrong place lẹ tẹ̀ sí i, wrong answer ló máa fún yín, á sì fún yín láìtijú!" Ó tú máàpù rẹ̀ sórí tábìlì, ó bo kíbọ́ọ̀dù ọmọbìnrin náà mọ́lẹ̀. "Gbogbo thirty-six rèé. Ilé ta ló wà níbí yìí? Ó dáa, ka address tó wà níwájú ẹ."

Dámisọ́lá kà á.

Hàlímọ̀tù kígbe. "Ha! Ṣọ́ọ̀ṣì Màmá nìyẹn!"

Àpótí lẹ́tà ìsàlẹ̀ ilé Màmá ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn kan sì máa ń jí lẹ́tà ibẹ̀ kó. Nítorí náà Màmá ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà wa ní Peckham ń ṣe: gbogbo lẹ́tà rẹ̀, ti ọsibítù àti ti kánsù, ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí, kí akọ̀wé ìjọ lè kó o fún un lọ́jọ́ Sunday. Ọ́fíìsì rí àdírẹ́sì yẹn lórí lẹ́tà ọsibítù kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé bí ilé. Nígbà tó jẹ́ ìwé ni wọ́n ń fọwọ́ sí, kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí àwọn kẹ́rà mọ ilé. Àfìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé.

Dámisọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. "Oh my days," ó ní jẹ́jẹ́. "Grandma mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. All her letters. White garment náà ni wọ́n." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Aunty, I'm so sorry. A máa correct ẹ̀. It's a data issue."

"Data issue!" Yẹ̀kínì dìde. Ogójì ọdún ló bá a dìde. "Orúkọ èèyàn lẹ fẹ́ bàjẹ́, ẹ wá ń pè é ní data issue? Ta ló máa kọ ọ́ sínú ìwé pé Hàlímọ̀tù wà ńbẹ̀? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́. Lónìí! Mo fẹ́ signature!"

Ó ń gbádùn ara rẹ̀, ká má purọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò rí sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ lọ́dún 1984, ó ń sọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ ní Brockley. Ó ṣì ní ọ̀pọ̀ tó fẹ́ sọ. Ìyàwó rẹ̀ ló dá a dúró.

"Bàbá Waris, ẹ jókòó." Hàlímọ̀tù kọjú sí Dámisọ́lá. "Láti Monday, ta ló ń fún Màmá lóńjẹ?"

"Someone's covering, Aunty. Ẹ má worry." Dámisọ́lá gbé máàpù kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó tẹ nǹkan díẹ̀. "Ẹ wò ó. Monday, Tuesday, àárọ̀ yìí. Five visits, all green."

"Green níbo?" Hàlímọ̀tù béèrè.

Dámisọ́lá ń wo àwọ̀ ewé márùn-ún náà, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Yẹ̀kínì jókòó láìmọ̀ pé òun jókòó.

Kóyọ̀dé ni wọ́n rán lọ dípò Hàlímọ̀tù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa mọ́tò ara rẹ̀ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn. Dámisọ́lá pè é, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ibẹ̀ yẹn? It's always locked," Kóyọ̀dé ní. "It's like a church, innit? Mo kànkùn, mo wait, nobody. So mo tẹ arrived, mo tẹ leave. Mo kọ ọ́ sí notes, sha."

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Ọmọ yìí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tì pa lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò bi ara rẹ̀ pé arúgbó wo ló ń gbé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sì sí ẹni tó ka ohun tó kọ sílẹ̀, torí pé ó ti ní àwọ̀ ewé. Ẹni tó ń fún ìyá lóńjẹ gba pupa. Ẹni tí kò tilẹ̀ rí ìyá lójú rí gba àwọ̀ ewé. Ìlú wo la wà yìí?

Mọ́tò Dámisọ́lá ni wọ́n wọ̀ padà sí Peckham. Ó ń wà á, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀. Hàlímọ̀tù kò dá a lóhùn, ó kàn ń sọ fún un ibi tó máa yà sí. Yẹ̀kínì jókòó sẹ́yìn. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé ìyàwó rẹ̀ ti béèrè ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ Tuesday, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, òun sì ní kó fi í sílẹ̀. Ó bínú sí ọ́fíìsì, ó bínú sí Kóyọ̀dé, ó sì wá bínú sí ara rẹ̀, èyí tí kò mọ́ ọn lára.

Lífítì kò ṣiṣẹ́. Hàlímọ̀tù gun àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣáájú wọn, ó mú kọ́kọ́rọ́ nínú àpótí ara ògiri tí wọ́n fi í sí fún àwọn kẹ́rà, ó ṣílẹ̀kùn.

Màmá Àpèkẹ́ jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nínú aṣọ tí àwọn ará ìjọ wọ̀ fún un lọ́jọ́ Sunday. Ilé ń rùn. Páálí bísíkíìtì kan ti ṣófo sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ife omi kan wà lórí fèrèsé, ètè rẹ̀ sì ti gbẹ. Ó wà láàyè. Ó yí ojú, ó rí Hàlímọ̀tù, inú sì bí i gidi gan-an.

"O ò wá," ó ní. "Mo ń retí ẹ, o ò wá."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ má bínú. Wọn ò jẹ́ kí n wá ni."

Hàlímọ̀tù kò sunkún. Kò ní àyè rẹ̀. Ó gbé omi kaná, ó nu ojú Màmá àti ọwọ́ rẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó po ògì gbígbóná, ó fi mílíìkì sí i, ó gbé àga sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀ kó má bàa há a lọ́fun. Yẹ̀kínì dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Dámisọ́lá ti pe dókítà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dúró, ó ń wo fóònù rẹ̀, ó ń tẹ nǹkan.

"Aunty," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, mo ti unblock yín, mo ti change address. Could you just log in? Otherwise, lórí system, ó máa dà bíi pé nobody came today."

Yẹ̀kínì ya ẹnu láti bú u, ṣùgbọ́n Hàlímọ̀tù gbé ọwọ́ tó mú ṣíbí sókè sí i, ó sì panu mọ́.

"Fóònù mi wà nínú báàgì," Hàlímọ̀tù ní. Kò gbé ojú kúrò lára Màmá. "Kò ní kúrò ńbẹ̀. Tó o bá fẹ́ mọ ẹni tó máa ń wá síbí, Màmá ló yẹ kó o bi. Kò sí ẹni tó bi wọ́n rí."

Dámisọ́lá fi fóònù sílẹ̀. Ó wá, ó kúnlẹ̀ níwájú àga náà, ó ń wá ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà.

"Mummy," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ma. Ṣé Aunty yìí máa ń wá sílé yín?"

Màmá Àpèkẹ́ gbé ògì ẹnu rẹ̀ mì. Ó wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo káàdì ọ́fíìsì tó so mọ́ ọn lọ́rùn.

"Òun ló máa ń wá," ó ní. "Ìwọ ńkọ́, ta ni ẹ́?"